Omi Gbígbóná Lórí Ọmú Títílọpẹ́

Ìtìjú ló mú kí àbúrò mi Títílọpẹ́ sọ fún gbogbo ilé pé ìdálẹ́kọ̀ọ́ lòun lọ ṣe l'Ékòó. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ilé ìwòsàn ló lọ, tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmú rẹ̀ sókè. Ọmọ mẹ́rin ti mu ọmú náà, ó ti wálẹ̀. Mo bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ló ń ráhùn. Ó ní rárá, torí ara òun lòun ṣe fẹ́ ẹ. Ó tán. Àyà rẹ̀ ni, kì í ṣe àyà mi.

Ó padà sílé ní Ìlaró, ojú abẹ ń jinná dáadáa. Àfi bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ba kókó méjì lábẹ́ ọmú òsì, tó le bí èkùrọ́. Ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Mo yára fa ọwọ́ mi padà. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa màmá wa, kókó ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní ká tètè padà sọ́dọ̀ dókítà, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ ohun tó pa màmá ni, òun ò fẹ́ mọ̀. Olórí kunkun.

Àbúrò bàbá wa, Màmá Ìbítóyè, rí i níjọ́ kan tó gbá àyà mú bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Màmá yìí ló ń wẹ àwọn ìyá ọlọ́mọ ládùúgbò. Bí wàrà bá dì sí ọmú, á fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, á sì fi òòyà onígi yà á títí wàrà yóò fi ṣàn. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí Títílọpẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú, ni Màmá Ìbítóyè bá ní wàrà àṣẹ́kù ló dì. Títílọpẹ́ ò lè jẹ́wọ́ abẹ, ló bá jẹ́ kí màmá yìí máa tẹ̀ ẹ́. Ojú màmá ti ń ṣe bàìbàì, kò sì rí ojú abẹ.

Màmá ń bi í bóyá omi ti gbóná jù. Ó ní kò gbóná rárá, bó ṣe rí lára rẹ̀ ló sì sọ. Màmá bá bu èyí tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Kí wọ́n tó ṣe tán, awọ ibẹ̀ ti bó, ojú abẹ ti là. Inú bí mi gan-an. Mo wọ́ Títílọpẹ́ padà lọ sọ́dọ̀ dókítà l'Ékòó.

Dókítà ní awọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ sí lè má mọ ooru fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n tọ́jú egbò náà, wọ́n fi ẹ̀rọ wo kókó, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí a padà lọ gba èsì, ó ní kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ọ̀rá inú ọmú tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló kú tó sì dì, yóò máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Títílọpẹ́ sunkún títí.

Dókítà, tí a ti sọ ohun tó pa màmá wa fún, wá bèèrè bóyá ó bí ọmọ obìnrin mìíràn. Títílọpẹ́ nawọ́ sí mi. Mo ní ara mi le koko, ibì kankan ò dùn mí, mo sì ti ti ṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀ láti àárọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò dun màmá wa náà níbẹ̀rẹ̀."

Láti ọjọ́ tí màmá wa ti kú, bí mo bá ń wẹ̀, ọwọ́ mi kì í pẹ́ lórí àyà. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo gbé báàgì mi fún Títílọpẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì aṣọ mi fún dókítà.