Àfín Mọ́námọ́ná Ilé Ignatius

Ignatius Ògúnyẹmí kò tíì bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ tán tó fi rí i pé ọmọrí àpótí tó wà lẹ́bàá fèrèsé ti yẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó yọjú wo inú rẹ̀. Ó rí abọ́ omi, ó rí koríko gbígbẹ, kò rí ejò. Ó fi ọwọ́ tú koríko náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan pákó ìsàlẹ̀. Kò pariwo, nítorí ariwo gan-an ni ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà lọ́jọ́ náà.

Akọ̀wé ni Ignatius ní ilé ìfìwéránṣẹ́ l'Ọ́wọ̀, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, ẹni jẹ́jẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í jáde láàárín àwùjọ. Ohun kan ṣoṣo tó fi yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń sin mọ́námọ́ná. Kì í sìn wọ́n fún títà, bẹ́ẹ̀ ni kì í sìn wọ́n fún oògùn. Àwọ̀ wọn ló ń wù ú. Mọ́námọ́ná kò ní oró, bí ẹ̀rù bá sì bà á, ńṣe ni yóò ká ara rẹ̀ jọ roboto bí òṣùká, tí yóò fi orí pamọ́ sí àárín. Àwọn tó máa ń rí i lóko rò pé bákan náà ni gbogbo wọn rí, ṣùgbọ́n Ignatius mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní akọ kan tó jẹ́ irú èyí tí gbogbo ayé mọ̀, dúdú tó ní àbàwọ́n rúsúrúsú. Ó ní òmíràn láti Uso tí ìlà kan gùn lẹ́yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìrù, àfi bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀dà fà á. Èyí tó ti ìgbẹ́ Ìyẹré wá dúdú débi pé inú oòrùn nìkan lèèyàn ti lè rí àwòrán ara rẹ̀.

Àfín ló wá gbẹ̀yìn, òun ló sì gba ọkàn rẹ̀ jù. Láníyì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń dáko kòkó lẹ́bàá Ìfọ̀n, ló pàdé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣánko, tó dá àdá dúró lọ́wọ́ àwọn alágbàṣe rẹ̀ tó sì gbé e wá sínú àpò. Ara rẹ̀ funfun bí wàrà, àbàwọ́n tó wà níbẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ojú rẹ̀ pupa. Abo ni. Lọ́jọ́ tó dé, Ignatius jókòó tì í títí oúnjẹ fi tutù lórí tábìlì. Tòkunbọ̀ àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun ti sọ fún un rí pé bí akọ lásán bá gun abo àfín, ejò lásán ni àwọn ọmọ wọn máa jọ, ṣùgbọ́n wọ́n á gbé àwọ̀ náà pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè tún yọ lára àwọn ọmọ-ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí Ignatius, ṣebí àwọn tọkọtaya tó dúdú bí ìdí ìkòkò náà ń bí àfín. Ó pinnu pé òun á fi ojú ara òun rí i. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń gbé akọ lọ bá a nínú àpótí.

Òkúta ló máa ń gbé lé ọmọrí àpótí àfín náà, èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ti pẹ́ kó tó jáde lọ síbi iṣẹ́, ó gbàgbé. Gíláàsì kan sì ti jábọ́ tipẹ́ lójú fèrèsé yàrá ẹ̀yìn tó kó wọn sí, Ignatius sì ń sọ lójoojúmọ́ pé òun á tún un ṣe.

Ládùúgbò náà, Mojí ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ ohun tó wà nínú yàrá náà. Ehoro ni wọ́n sọ fáwọn ará àdúgbò pé àwọn ń sìn níbẹ̀. Mojí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀, kò fọwọ́ kan ejò rí láyé rẹ̀, bó bá sì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ńṣe ló máa ń sáré. Ó ti gbà fún ọkọ rẹ̀ pé kó máa ṣe é, bí ilẹ̀kùn náà bá ti wà ní títì nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ọmọbìnrin kékeré kan sọnù ní ìlú kan tí kò jìnnà, wọn kò rí i. Kò sí ibi téèyàn dé tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi èèyàn ṣoògùn owó, tí ejò sì ń pọ owó fún wọn ní yàrá.

Ohun tó tún wá burú jù ni pé ìkómọ wà nílé kejì lọ́jọ́ kejì. Kúlísúmù, ìyàwó Sùlè káfíńtà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ògiri àárín ilé méjèèjì ti wó débi pé adìẹ ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Nígbà tí Mojí dé tó sì gbọ́, ó jókòó sórí àga pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ó kàn ní kó lọ sọ fún Sùlè kí ilẹ̀ tó ṣú. Ignatius ní rárá, pé bí òun bá sọ ọ́, wọ́n á pa á.

“Bí ẹ bá sọ ọ́, ejò ni wọ́n máa pa,” ni Mojí wí. “Bí ẹ ò bá sọ ọ́, tí wọ́n sì fojú ara wọn rí i, ta ni wọ́n máa pa?”

Ignatius mú igi, ó bọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Ó tú òkìtì igi ìdáná, ó wo abẹ́ páànù tí wọ́n kó jọ, ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ilé adìẹ. Ibẹ̀ ni Sùlè ti rí i lórí ìdọ̀bálẹ̀ láti òdìkejì ògiri. Sùlè bi í pé kí ló ń wá. Kí Ignatius tó ronú, ó ti sọ pé adìẹ òun kan tó ń yé ni òun ò rí.

Sùlè, tí iṣẹ́ ìkómọ kún ọwọ́ rẹ̀, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó fo ògiri wá. Ó bá a gbé páànù, ó bá a tú pákó tó kó jọ sí àgbàlá tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń na ọwọ́ sínú ihò tí Ignatius kò fẹ́ kó na ọwọ́ sí. Wọn kò rí nǹkan kan. Kí Sùlè tó padà sílé, ó ní kó má ba ọkàn jẹ́, pé òun á fún un ní ọ̀kan nínú àwọn abo adìẹ òun lẹ́yìn ìkómọ. Ignatius dúpẹ́. Ọpẹ́ náà korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro tí wọn ò fọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọyẹ́ mú débi pé ètè ń la. Wọ́n tẹ́ ẹní sí àgbàlá Sùlè, àwọn àfáà jókòó, Àlájì Fàsásì tó jẹ́ àbúrò bàbá Sùlè jókòó láàárín wọn, àwọn obìnrin sì wà lọ́dọ̀ Kúlísúmù nínú ilé. Ignatius wà lórí bẹ́ǹṣì, aṣọ tó dára lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Nǹkan funfun kan ká jọ lẹ́bàá ìkòkò omi. Ó na ọrùn wò ó dáadáa, àṣé okùn ni. Wọ́n dárúkọ ọmọ, kò gbọ́ orúkọ náà. Ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé bí òun bá jẹ́ ejò nínú irú òtútù yìí, ibo ni òun máa lọ. Bí ó ṣe gbójú sókè báyìí, ó rí Sàlímọ́tù, ìyá Sùlè, tó ń gbé igi lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi ààrò ńlá tí wọ́n fi ń se omi ìwẹ̀ fún abiyamọ. Láti ọjọ́ tí Kúlísúmù ti bímọ, iná kò kú níbẹ̀.

Ó dìde. Ó pe Sùlè sí kọ̀rọ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi ohunkóhun pamọ́.

Sùlè wò ó. “Lánàá, ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi wá ejò nínú ihò,” ló wí, “ẹ sì ń pè é ní adìẹ.” Lẹ́yìn náà ó yípadà, ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó dúró síbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ di ti gbogbo ayé. Kí wọ́n tó dé ìdí ààrò, àwọn ọ̀dọ́ ti gbá igi mú. Ignatius kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn àwọn òkúta ààrò níbi tí eérú ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì bá ara ejò náà. Ó fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Mọ́námọ́ná náà ká jọ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, eérú bo funfun rẹ̀. Àwọn èèyàn sún sẹ́yìn. Wọn kò rí ejò àfín rí. Ẹnìkan wá sọ láti ẹ̀yìn pé èyí kì í ṣe ejò lásán, pé kí wọ́n lọ wo ohun tó kù nínú yàrá rẹ̀ bóyá wọn ò ní bá agbárí ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń rọ́ gba orí ògiri nìyẹn. Ẹnìkan ti gbé kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì.

Ignatius fẹ́ sáré tẹ̀ lé wọn. Ejò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé e sí.

Mojí ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Kò ti ilẹ̀kùn. Ó yíjú, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó sì gbé àpótí kan jáde mọ́ àyà, ó gbé e sílẹ̀ níwájú wọn, ó ṣí i. Ejò abilà ti Uso wà nínú rẹ̀. Ó padà wọlé, ó gbé òmíràn. Omi abọ́ ń dà sí i láṣọ, omijé sì ń dà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró títí yàrá náà fi ṣófo. Lẹ́yìn náà ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ẹ wọlé,” ló wí. “Ẹ wo gbogbo igun. Ẹ tú ibùsùn wa pẹ̀lú.”

Àwọn díẹ̀ wọlé lóòótọ́. Wọ́n jáde láìrí nǹkan kan bí kò ṣe koríko àti ìgbẹ́ èkúté. Àlájì Fàsásì ti rìn dé nígbà náà. Ó ní kí wọ́n gbé kẹrosíìnì padà, pé òun ò ní jẹ́ kí wọ́n fi iná sí ilé onílé lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ òun lórúkọ. Ó wá kọjú sí Ignatius, ó ní kí oòrùn ọjọ́ náà má wọ̀ bá àwọn ẹran náà ládùúgbò.

Kò wọ̀ bá wọn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé Ignatius àti àwọn àpótí rẹ̀ dé oko Láníyì. Láníyì kọ́ ilé kékeré kan fún wọn lẹ́yìn abà, Ignatius sì ń lọ síbẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ bá ti parí. Àfín yé, ó ká yí ẹyin rẹ̀, nígbà tí òjò sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, àwọn ẹyin náà là, ọmọ sì jáde. Gbogbo ọmọ ló jọ bàbá wọn, dúdú, rúsúrúsú. Ọkàn Láníyì rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní òun rò pé, ó kéré tán, ọ̀kan á funfun. Ignatius ṣàlàyé fún un pé ó dìgbà ọmọ-ọmọ. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò tẹ̀ lé e délé. Ní gbogbo ọ̀nà ìpadà ló ń rò ó bóyá ẹnìkan ti tún sọ̀rọ̀ sí Mojí lọ́jà, bóyá wọ́n ti sọ òkò sí fèrèsé.

Sùlè ń kí i. Kò ju kíkí náà lọ. Ó ti tún ògiri àárín mọ, ó gbé e ga.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ignatius dúró níta ilé, Sùlè ń bọ̀ pẹ̀lú ọmọ náà lápá. Ọmọ náà ti ń rákò nígbà náà, ó ń jà fitafita láti sọ̀kalẹ̀. Sùlè dúró, ó wo ilẹ̀, ó wo Ignatius.

“Ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “ṣé kò sí òmíràn tó ṣẹ́kù?”

“Kò sí,” ni Ignatius dáhùn. “Ọlọ́run gbọ́.”

Sùlè mi orí. Ó dúró díẹ̀ sí i, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gba ọmọ náà mọ́ra dáadáa, ó gbé e wọlé.