Àṣàrò Ọdún Mẹ́ta Sẹ́yìn

"Ẹ kà á, Tíṣà. Ẹ kà á sí mi létí."

Tíṣà Bísọ́dún Adélaní gba ìwé náà. Òun ló kọ ọ́, òun náà ló sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yẹn tó ń pín in fún àwọn èèyàn kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbàlagbà tó dúró níwájú rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ilé Fáda, kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn ní Àkúrẹ́. Oǹdó ló ti wá. Ìyá Adérónkẹ́ ni, Adérónkẹ́ tí wọ́n sin lẹ́yìn Àjíǹde.

"Màmá, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ni mo wá wò. Monílọ́lá ló kà á fún mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, 'Màmá àgbà, Mọ́mì ni wọ́n kọ síbí o.' Ẹnu ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ."

Tíṣà wo ìwé náà. Ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tó wà níbẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá rèé tó ti ń kọ Àṣàrò Ọjọ́ Ìsinmi sẹ́yìn ìwé ìkéde ìjọ. Yóò mú Ìhìnrere ọ̀sẹ̀ náà, yóò so ó mọ́ ohun tí ojú èèyàn ń rí nílé, lọ́jà àti lẹ́nu iṣẹ́. Ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì wá láti Ìgbàrà-Òkè máa ń mú un lọ fún ará ilé wọn. Ṣùgbọ́n ìwé kíkà àwọn Àgùdà, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ló ń yí po. Ìhìnrere tí wọ́n kà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn náà ló ń padà wá. Tíṣà sì ti fi ìyẹn wá ìrọ̀rùn fún ara rẹ̀. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, á wọ inú kọ̀ǹpútà, á yọ ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn jáde, á yí déètì rẹ̀ padà, ó parí nìyẹn. Ta ló máa rántí? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibà dá a dùbúlẹ̀. Déètì nìkan ló yí. Kò kà á.

"Pétérù bi Jésù pé ẹ̀ẹ̀melòó ni kí òun dárí ji arákùnrin òun," ó bẹ̀rẹ̀. "Jésù ní títí dé àádọ́rin ìgbà lọ́nà méje. Arábìnrin kan wà nínú ìjọ wa yìí. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ ẹ́, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Olúwa, ó dárí jì í, ó padà sílé. Ẹ lọ wo ilé náà lónìí..."

Ó fẹ́ ká ìwé náà pọ̀.

"Ẹ parí ẹ̀."

"Ẹ̀rín ló kún inú rẹ̀."

Ìyá náà mi orí. "Ṣé ẹ bi í kí ẹ tó kọ ọ́?"

"Rárá, Màmá. Ṣùgbọ́n mi ò dárúkọ rẹ̀."

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọkọ rẹ̀ fi ìwé yìí sínú gíláàsì, ó gbé e kọ́ pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wọn. Kò pé oṣù márùn-ún tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Mo ní, 'Rónkẹ́, máa bọ̀ ní Oǹdó.' Ó ní, 'Màámi, wọ́n ti kọ mí sínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Tíṣà tí mo bá tún kó jáde?' Ojú yín ló ń tì í, Tíṣà. Ẹ̀yin!"

Tíṣà rántí ọjọ́ Ìsinmi kan tí Adérónkẹ́ wọ awò dúdú wá sí Mísà, tó ní Àpólò ló ń yọ òun lẹ́nu. Ó ti kí i pẹ̀lẹ́. Ó gbà á gbọ́ nítorí pé ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti gbà á gbọ́, bó ṣe gbà gbọ́ lẹ́yìn Àjíǹde pé ńṣe ló yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ tó sì kú. Ojú ara rẹ̀ tì í débi pé kò lè gbé orí sókè.

"Ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀," ni ìyá náà wí. "Ẹ kọ ìyókù."

Ó yí padà, ó gba ojú ọ̀nà lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Tíṣà lọ bá Fáda Olúrántí ní ọ́fíìsì pé òun fẹ́ kọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ Adérónkẹ́. Fáda gbọ́ ọ dé òpin, ó sì bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, Akíntóyè ọkọ Adérónkẹ́ sì ni alága ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ta ló rí i tó ń lù ú? A ó máa rú Mísà fún ọkàn rẹ̀."

"Fáda, ta ló rí ẹ̀rín tí mo kọ pé ó kún ilé yẹn? Mo kọ ọ́, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì."

Fáda dá awò rẹ̀ padà sójú. "Ó dáa. Ẹ kọ ọ́, kí n kọ́kọ́ rí i."

"Ẹ má bínú sí mi, Fáda. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ rí i."

Lọ́jọ́bọ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó. Ó bá ìyá náà níwájú ilé tó ń tú kòkó tó sá sórí ẹní. Ìyá náà sún àpótí ìjókòó kan fún un, kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Tíṣà yọ bébà kan nínú àpò.

"Mo wá kà á fún yín kí n tó fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ní kí n má tẹ̀ ẹ́, mi ò ní tẹ̀ ẹ́."

"Mò ń gbọ́."

"Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo kọ nípa obìnrin kan nínú Àṣàrò yìí. Adérónkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Mi ò bi í léèrè. Mo ní ó padà sílé ọkọ, ẹ̀rín sì kún ilé náà. Irọ́ ni mo pa. Ọkọ rẹ̀ ń lù ú. Ìwé tí mo kọ wà lára ohun tí kò jẹ́ kó lè kúrò níbẹ̀. Ó kú lẹ́yìn Àjíǹde. Olúwa ní ká dárí jì. Kò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó de ẹni tó ń lù ú. Obìnrin tó bá wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, kó jáde. Kó má ṣe wo ojú mi."

Ìyá náà ṣì ń fọwọ́ tú kòkó.

"Ibì kan kò tọ́ níbẹ̀."

"Ibo ni, Màmá?"

"Ẹ ní ó kú." Ó gbójú sókè. "Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó gbé e sínú pósí, Tíṣà. Balùwẹ̀ kì í ní ìka tó máa fi fún èèyàn lọ́rùn. Akíntóyè ló pa á."

Tíṣà mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn máa fà: ọlọ́pàá, ẹjọ́, ìbínú àwọn ìgbìmọ̀, kí wọ́n gba Àṣàrò lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó gbé bébà náà lé orúnkún, ó fi bírò fa ìlà pa "ó kú" rẹ́, ó sì kọ ohun tí ìyá náà sọ sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá náà gbọwọ́ kúrò nínú kòkó títí ó fi kà á tán.

"Ó tọ́ báyìí," ni ó wí. "Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́."