Wọn Ò Tọ́ Ọ Wò Rí

Níbi iṣẹ́ ìwádìí, Ìyá Aràn ni wọ́n ń pè é, kò sì bínú sí i. Ọdún méjìlá ló ti fi ń tọ́jú aràn tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó máa ń bá wọn sọ̀rọ̀, torí kò sẹ́ni tó ń dúró dè é nílé.

Lábẹ́ maikirosikóòpù, aràn wọ̀nyí máa ń tàn yòò. Ó wá po èròjà kan tó dà bí àṣẹ mọ́ oúnjẹ wọn, pé kí ara pa iná náà. Sẹ́ẹ̀lì inú ìfun ló kọ́kọ́ gbà á. Wọ́n ta á látaré sí ìkejì wọn, bí olófòófó ṣe ń ṣe, títí gbogbo ara fi ṣókùnkùn látorí dé ìrù. Lánàá, ó kó ẹyin wọn, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó sì gbé e sórí abọ́ tí oúnjẹ lásán wà. Ẹyin náà ti di ọmọ báyìí.

Ọ̀gá yọjú. "Ìyá Aràn, àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n ṣókùnkùn, sà. Gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọn ò tọ́ oúnjẹ tí àṣẹ wà nínú ẹ̀ yẹn wò rí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó mú bírò, kò kọ nǹkan kan. Ọkàn rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀, nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá wọn fi sílẹ̀, ẹ̀rọ tí kò lè ran àkísà mọ́ kí ìyá náà tó kú. Ẹ gbọ́ ìjà! Ó ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé àárín àwọn méjèèjì ló mọ, ọjọ́ tó bá wu òun lòun máa parí ẹ̀. Àárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an. Agídí ni kò jẹ́.

Ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ nọ́ńbà tó mọ̀ sórí. Ọmọbìnrin kékeré kan ló gbé e.

"Ẹ káàsán, mà. Màámi ń wẹ̀. Ta ni kí n sọ pé ó pè?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bímọ. Ohùn ìyá wọn gan-an lọmọ náà gbé wá.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́, ọmọ mi?"

"Mo ti pé mẹ́jọ."

"Sọ fún wọn pé àbúrò wọn ni."

Kò sí àfojúdi kankan lóhùn ọmọ náà nígbà tó fèsì.

"Ẹ ti ṣi nọ́ńbà pè, mà. Màámi ò ní àbúrò."

Ìyá Aràn fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú.

"Jọ̀ọ́, má tíì pa á," ló wí. "Màá dúró kí wọ́n wẹ̀ tán."