Fóònù Tó Dọ̀bálẹ̀ Kí Mi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá lánàá lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, nígbà tí abẹ́rẹ́ oorun wọn gbé mi lọ.

Nínú àlá náà, wọ́n ní kí wọ́n tó yọ gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi, fóònù ni yóò kọ́kọ́ kọ́ mi bí iṣẹ́ abẹ náà ṣe ń lọ. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà mí: tí wọ́n bá yọ gẹ̀gẹ̀, ṣé wọn ò ní yọ orin mọ́ ọn? Èmi elégbòogi tí mò ń kọrin fún ewé kí n tó já a!

Fóònù fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọ́fíìsì dókítà tí mo jókòó sí. Ó ní, “Ìwọ aláìsàn, tẹ ibí.”

Mo ní, “Ta lò ń bá wí? Wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?”

Ojú tì í. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Ẹ má bínú, Ìyá Fadérera. Ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa wò ó.”

Kí ni n ó wò? Ojú rẹ̀ ló fi bolẹ̀! Àwòrán ọrùn, àwòrán ọ̀bẹ, ilẹ̀ nìkan ló ń rí gbogbo rẹ̀.

“Dìde, ọmọ mi.”

“Rárá o. Àgbà ni yín.”

Ni ilẹ̀ bá sọ̀rọ̀: “Èmi ti mọ̀ ọ́n.” Ló bá gbéra pẹ̀lú ọ́fíìsì dókítà, a ń fò lọ lókè bí lékeléke.

Dókítà bi wá pé, “Ta ló kẹ́kọ̀ọ́?”

Ilẹ̀ ní, “Èmi ni.”

“Ó dáa. Ìwọ la ó ṣiṣẹ́ abẹ fún.”

Mi ò jiyàn. Ilẹ̀ kúkú ti sùn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ṣáà ní, “Dókítà, orin tèmi ńkọ́?”

Bó ṣe ya ẹnu láti dáhùn, irùngbọ̀n yọ, ìwo yọ, ó di òbúkọ. “Mẹ̀ẹ̀ẹ́.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

“Mẹ̀ẹ̀ẹ́.”

Mo bá fi orin bi í:

Òbúkọ, dá mi lóhùn o,
Ṣé orin mi á bá mi relé?

Òun náà sì ń gbè é: mẹ̀ẹ́, mẹ̀ẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti lajú. Nọ́ọ̀sì dúró tì mí. “Màmá, iṣẹ́ abẹ ti parí. Ẹ sọ̀rọ̀ ká gbọ́.”

Mo yanu. Ohun tó jáde ni “Mẹ̀ẹ̀ẹ́.”

Fadérera ọmọ mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bú sẹ́kún.

Nọ́ọ̀sì ní, “Ẹ má sunkún. Ọ̀fun wọn ló gbẹ. Màmá, ẹ tún un ṣe.”

Mo tún un ṣe. Mẹ̀ẹ́ náà ni, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó wọ ohùn orin mi.