Búṣìn Ọkọ̀ Eré Ìyá Àgbà

Ìyá Àgbà fẹ́ràn ọkọ̀ eré rẹ̀ ju oúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin rẹ̀ ti búra pé bí búṣìn, rọ́bà tó ń gba jìgìjìgì táyà iwájú, bá fi lè tún ya, òun á ta ọkọ̀ náà.

Mẹkáníìkì gbé búṣìn tuntun méjì síwájú Ìyá, ọ̀kan rọ̀, èkejì le. Ìyá tẹ̀ wọ́n, ó gbóòórùn wọn, ó tún gé èyí tó le jẹ wò. Eyín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ.

"Màmá, kì í ṣe ẹran o!" ni mẹkáníìkì kígbe.

"Dákẹ́ jàre. Èwo ló máa tọ́jọ́?"

"Èyí tó le ni. Àmọ́ gbogbo kòtò ọ̀nà ló máa kí ìbàdí yín."

Ìyá gbé búṣìn àtijọ́ tó ya wò. Ó ti lọ́ bí àkísà tí wọ́n fún. "Níbo ni táyà wà nígbà tí o de èyí?"

Mẹkáníìkì họrí. "Ó ń rọ̀ dirodiro lórí jáàkì ni."

"Ẹ gbà mí! O dè é nígbà tó na ẹsẹ̀. Nígbà tó délẹ̀ tó ká ẹsẹ̀, báwo ni rọ́bà ò ṣe ní lọ́!"

Nígbà tó ti jẹ́ pé dídè ló fa yíya, wọ́n mú èyí tó rọ̀, wọ́n sì sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó dè é. Mẹkáníìkì pariwo láti inú kòtò abẹ́ ọkọ̀: "Màmá, ẹ wọlé jókòó kó lè wúwo!"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. "Ìdí mi tí dókítà ń bú ti ríṣẹ́! Dè é dáadáa, ọmọ mi ò ní rí ọkọ̀ kankan tà."