Ogójì Àkàrà ní Kíláàsì Honorine

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó àti ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri, ẹ dẹtí sílẹ̀. Ìtàn kan wà lẹ́nu mi tó gbóná bí àkàrà, àkàrà gan-an ló sì dá a sílẹ̀.

Olùkọ́ ni Honorine, ní kọlẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Dowa, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́ wa yìí. Ọdún mẹ́fà ló ti ń kọ́ni, ìjọba kò tíì gbà á síṣẹ́ pátápátá. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Mùsíyé Moumouni, olùbẹ̀wò, wá wo bó ṣe ń kọ́ni. Ohun tó bá kọ sílẹ̀ ni yóò sọ bóyá Honorine á dúró tàbí á lọ.

Ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Honorine ra ogójì àkàrà fún ogójì ọmọ. Ó mú ọmọ márùn-ún, ó ní àwọn ni orílẹ̀-èdè olówó, ó kó ọgbọ̀n fún wọn. Ó kó mẹ́wàá tó kù fún àwọn márùndínlógójì. Ó mọ̀ pé ariwo á sọ, inú ariwo náà ni yóò sì ti fa ẹ̀kọ́ yọ.

Kẹ́kẹ́ pa.

"Ṣé ìpín yìí dára?" ni Honorine bi wọ́n.

"Ó dára, Màdáámù. Ẹ ṣeun," ni gbogbo wọn dáhùn.

Mùsíyé ń kọ̀wé lẹ́yìn kíláàsì. Honorine yíjú sí Faïzou, ọmọ tí kì í fi oúnjẹ ṣeré.

"Faïzou, bíńtín ló kàn ọ́. Ó tó ọ?"

"Ó tó, Màdáámù. Mo ti yó." Ikùn rẹ̀ sì ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta.

Ìgbà yẹn ló yé Honorine. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ. Ọmọ wo ni ìyá rẹ̀ kò tíì fojú bá wí pé wọn kì í bèèrè oúnjẹ lójú àlejò? Àlejò sì rèé lẹ́yìn kíláàsì. Ó lọ bá a, ó tẹrí ba.

"Mùsíyé, ẹ má bínú, ẹ bá mi bọ́ síta díẹ̀."

"Èmi tí mo wá wò yín, ẹ̀ ń lé mi?"

"Ẹ dúró lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ ó gbọ́."

Ilẹ̀kùn kò tíì padé tán tí kíláàsì fi gbiná.

"Màdáámù, ìrẹ́jẹ gbáà nìyí."

"Prisca nìkan, mẹ́fà. Kí ló ṣe?"

"Èmi kọ́ ló yan ibi tí wọ́n fi mí sí," ni Prisca, ọ̀kan nínú àwọn olówó márùn-ún náà, wí, ó di àkàrà rẹ̀ mọ́ àyà.

"Àwa náà ò yan tiwa," ni Faïzou dá a lóhùn. "Kí ló dé tí ebi fi yàn wá?"

Salwa, àbíkẹ́yìn kíláàsì, dìde. "Nílé wa, àbúrò ló ń pín, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú. Ẹni tó pín ló ń mú kẹ́yìn. Ta ló máa ṣègbè tó bá mọ̀ pé èyí tó kù ni tòun? Kí àwọn tó ń pín ayé náà máa mú kẹ́yìn."

Ẹ̀rín àgbàlagbà ta lójú fèrèsé. Mùsíyé wọlé.

"Ìwọ tó sọ̀rọ̀ yẹn, ó yá, tún àkàrà náà pín. Èmi ni mo dàgbà jù, èmi ni n ó kọ́kọ́ mú."

Gbogbo ojú wolẹ̀. Salwa nìkan ló gbójú sókè. "Ẹ má bínú, Mùsíyé. Ogójì la jẹ́. Ẹ ò sí nínú wa."

Mùsíyé wo ìwé rẹ̀, níbi tó ti kọ pé àwọn ọmọ náà kò lóhùn. Ó fa ìlà gbọọrọ lé e, ó kọ òmíràn. Ebi ló bá a padà sí ọ́fíìsì. Lóṣù kejì sí ìgbà náà, ìwé dé: Honorine di olùkọ́ pátápátá.

Issifou tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé náà, tí òun àti Mùsíyé jọ dúró lẹ́bàá fèrèsé, ló sọ ọ́ fún mi. Mo ti gbé e lé yín lọ́wọ́.