Kíìtì Tó Fún Torquil Níbàdí

Ẹ̀yin náà ti fura pé ọkùnrin tó bá padà lọ wo dígí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jáde nílé, ojú ń bọ̀ wá tì í. Ẹ ò fura jù.

Torquil Geddes, lọ́yà láti Edinburgh, fẹ́ gba rìbọ́nì ọkùnrin tó múra bí baba ńlá rẹ̀ jù lọ níbi eré ọdọọdún ìlú Strathcarrow, ní Scotland. Fergus Rennie alápatà ló gbà á lọ́dún tó kọjá, ó sì ń dun Torquil títí di ìsinsìnyí. Lọ́dún yìí, nígbà tí Àǹtí Ishbel, àbúrò bàbá rẹ̀, lọ ra wàrà, Torquil tú àpótí obìnrin náà, ó sì rí kíìtì kan fà yọ tó gbà pé ti bàbá àgbà ni: yẹ̀rì onípele pupa, irú èyí tí ọkùnrin ibẹ̀ fi ń ṣe ọkùnrin. Nígbà tó wọ̀ ọ́, ó gbá a lára mú bí ẹni pé ara rẹ̀ gan-an ni wọ́n rán an mọ́.

Kò tíì dé àárín pápá tí ẹnìkan fi ké lẹ́yìn rẹ̀: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà díẹ̀!"

Ó yíjú padà. Obìnrin tó gbé àwo àkàrà òyìnbó rí irùngbọ̀n. "Yéè! Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ̀yìn yín ni mo rí."

Kò pẹ́, ẹ̀ṣọ́ kan fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Ìyá mi, ọ̀hún ni àgọ́ àwọn obìnrin wà."

Torquil fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀ wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo ọkùnrin pápá náà ló wọ kíìtì, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí itan onírun wọn, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n ní màmá. Kí ló wá dé? Tiwọn sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ. Tirẹ̀ fún mọ́ ìbàdí pinpin, ó wá fẹ̀ nídìí bí agogo. Etí aṣọ tiwọn wà lọ́tùn-ún. Tirẹ̀ wà lósì. Ó yí i sọ́tùn-ún, àwọn ìpele ẹ̀yìn wá síwájú. Ó yí i padà.

"Torquil! Irú ìdí wo rèé!" Fergus ni. "Ọkọ ẹ dà?"

"Ẹran ni kó o lọ máa gé."

Bàbá Murdo, sójà àtijọ́ tó ń ṣe adájọ́, dúró níwájú rẹ̀, ó ń họrí. "Ọmọ mi, òsì kẹ̀?"

"Bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ láyé àtijọ́ nìyẹn, sà. Kí idà má baà kọ́ etí aṣọ. Ìbàdí tó fún yìí, ti àwọn tó ń gẹṣin ni."

Ó ṣàlàyé títí òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú Bàbá Murdo. Ó bá fa rìbọ́nì yọ láti fi í sí i láyà.

Bí Àǹtí Ishbel ṣe já wọ àárín èrò nìyẹn, tó ń pàtẹ́wọ́, tí omi ayọ̀ lé ròrò sójú rẹ̀.

"Torquil, ọmọ mi, o mà rántí ìyá mi! Aṣọ yìí gan-an ló wọ̀ lórí pápá yìí, lọ́dún tó gba ipò kìn-ín-ní nínú ijó àwọn obìnrin."